Ọtí Tí Ẹni Tó Pọn Ọ́n Kò Mu

Níbi tí mo wà yìí, wọ́n ń fi oríṣiríṣi ewé àti èso pọn bíà báyìí, wọ́n ń pè é ní àrà tuntun. Ẹ̀rín ni mo máa ń rín. Bíà tó korò jù tí mo mu láyé, ìlú wa, Omifunfun, ni wọ́n ti pọn ọ́n. Ọ̀rẹ́ mi Ọlọ́rundáre ló pọn ọ́n, ó sì ń ṣe mí bíi kí n tún rí ife kan mu.

Ayé ìjọba ológun ni, ìlú le koko. Wọ́n fòfin de ọkà òyìnbó tí wọ́n fi ń pọn bíà, iléeṣẹ́ tí Ọlọ́rundáre ti ń ṣiṣẹ́ sì ní kó máa lọ sílé. Ó ní ohun tí òyìnbó fi ọkà tirẹ̀ ṣe, òun á fi tiwa ṣe é. Ó mú ọkà bàbà hù, ó sá a, ó sè é. Ó da omi dídùn tó ń ṣàn lára kòkó tuntun mọ́ ọn. Kó lè korò bíi bíà, ó rin orógbó sí i, ó fún ewúro lé e.

Ìṣòro kan ló wà níbẹ̀: Aládùúrà ni. Ó ti jẹ́ ẹ̀jẹ́ pé ọtí kò ní kan òun lẹ́nu. Ọdún mẹ́jọ ló fi bá wọn pọn bíà, kò tọ́ ọ wò rí. Èmi, tíṣà tó ń gbé ilé kejì sí i, ló wá fi ṣe ahọ́n. Bó bá ti bu ún fún mi, á jókòó, á máa wo ẹnu mi bí aláboyún tó ń wo ẹnu nọ́ọ̀sì. Ta ló lè sọ òtítọ́ sí irú ojú bẹ́ẹ̀? Mo ní ó dùn. Nígbà tó pọn ìkẹta, mo ní ó ti fẹ́ dùn jù.

Ìyá Inúmidùn, tó ń ta ọtí àti ọbẹ̀ ata fún àwọn awakọ̀ létí títì ní Ore, ní kó gbé e wá lọ́sàn-án Sátidé kan. Bí àwọn oníbàárà òun bá mu ún tí wọ́n tún béèrè, òun á máa gbà á lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bí wọn ò bá béèrè, kó lọ mú ọkọ́ àti àdá. Ọlọ́rundáre ò mọ oko ro. Joanna ìyàwó rẹ̀ pàápàá ti bá a gbàdúrà lórí ìyẹn, àdúrà náà ò gbà.

A gbé ìgò méjìlá dé. Àwọn awakọ̀ jókòó, ọkọ̀ wọn ń dúró de epo láti ìjẹta. Ìyá Inúmidùn da ọ̀kan sínú ife, ó hó dáadáa, ó dúdú, ó ń dán. Kò sẹ́ni tó nawọ́ sí i. Bàbá Olúbísí, àgbà wọn, ti ife náà padà.

"Ẹni tó gbé ọtí wá ló ń kọ́kọ́ mu ún. Àbí wọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀ nílé yín?"

Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n bá a mu ún. Wọ́n bi mí bóyá èmi ni mo pọn ọ́n. Ọlọ́rundáre ṣàlàyé ẹ̀jẹ́ rẹ̀. Ẹnì kan ní òun mọ alápatà kan tí kì í jẹran, òkú ẹran ló ń tà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dìde lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyá Inúmidùn ti ń kó ìgò padà sínú páálí.

Ọlọ́rundáre yíjú sí mi. "Dúródọlá, ṣé ó dùn?"

"Ó dùn."

Ó bọ́ bàtà rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ wọ ilé àdúrà, ó gbé ife, ó mu ún. Ojú rẹ̀ ká jọ bí ewé tí iná jó. Ó rọra gbé ife kalẹ̀.

"Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má mu ún," ló sọ fún wọn. "Ó korò. Ọ̀rẹ́ mi ló purọ́ fún mi."

Àwọn tó ń lọ yíjú padà. Bàbá Olúbísí wá ní láti ìgbà tí òun ti dáyé, òun ò tíì rí ọlọ́tí tó sọ òtítọ́ nípa ọtí ara rẹ̀. Ó gba ife, ó mu, ó fajú ro, ó tún mu. Ó ní ó jọ àgbo ibà tí ìyá òun máa ń fún òun, àfi pé èyí ń múnú ẹni dùn. Ni àwọn yòókù bá ní kí wọ́n bu tiwọn wá. Kò pẹ́ tí ìgò méjìlá fi tán, àwọn tí kò kàn sì ń bínú sí Ìyá Inúmidùn. Ó ní kí Ọlọ́rundáre gbé òmíràn wá ní Sátidé tó ń bọ̀.

Nílé àdúrà, wọ́n ní kó gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Ó ní èmi náà á bá òun gbà á, torí ahọ́n mi ló ti òun sínú rẹ̀. Mo gbà á. Lọ́jọ́ kẹrin, ó wá bá mi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó ní Bàbá Olúbísí ni yóò máa bá òun tọ́ ọtí wò báyìí. Ó ní kí n má bínú, bàbá náà ò fẹ́ràn òun tó bí mo ṣe fẹ́ràn òun.