Iyùn Tí Mo Fọwọ́ Ara Mi Tú

Láti ọjọ́ Ajé ni iyùn náà ti parí. Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, mo mú sísọ́ọ̀sì, mo gé okùn rẹ̀, mo sì da gbogbo rẹ̀ sínú agolo Bọ́nfítà.

Ẹ̀gbọ́n Àtọ́kẹ́, tí a jọ ń gbé ilé kan náà ní Ìlare, ń wò mí láti ẹnu ọ̀nà.

"Mojíre, ṣé orí rẹ pé báyìí?"

"Ó pé, ẹ̀gbọ́n. Iyùn tó ti parí, awakọ̀ lè gbé e lọ. Èyí tí kò tíì parí, ẹni tó ń sín in ló gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e."

Fàrídà ni yóò fi iyùn náà sọ́rùn. Ọmọ bíbí inú mi ni. Lọ́jọ́ Sátidé ni wọn yóò so yìgì rẹ̀ ní Ìlọrin. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni nígbà tí mo bínú jáde nílé Lágúnjú, bàbá rẹ̀, ọdún mẹ́rìndínlógún sì ti kọjá láti ìgbà náà. Gbogbo ìgbà tí mo lọ wò ó, ẹnu géètì ni mo ń mọ. Àfìgbà tí Habibah, ìyálé mi tó tọ́ ọ dàgbà, kọ lẹ́tà sí mi lóṣù tó kọjá. Ó ní òun gbọ́ pé mò ń sín ìlẹ̀kẹ̀ ní Ifẹ̀, kí n bá wọn sín iyùn ìyàwó, kí n fi rán awakọ̀. Ó ká òwú tí wọ́n fi wọn ọrùn ọmọ náà sínú lẹ́tà. Abẹ́ ìrọ̀rí mi ni òwú yẹn ń sùn.

Kò kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí n wá. Kò sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí n má wá. Èmi tí mo fúnra mi kọ́ ìwé kíkà, mo mọ bí a ṣe ń ka àlàfo.

Mo kó okùn ọ̀rá sínú báàgì, abẹ́rẹ́ tín-ín-rín, àbẹ́là àti ìṣáná tí a fi ń jó ẹnu okùn, àtẹ kékeré, agolo sẹ̀gi, agolo iyùn mìíràn.

"Ọrùn mélòó ni ọmọ náà ní?" ni ẹ̀gbọ́n bèèrè.

"Bí iṣẹ́ bá pọ̀, n óò pẹ́ níbẹ̀."

"Jẹ́ kí n bá ọ lọ nígbà náà."

"Rárá. Bí wọ́n bá lé mi lẹ́nu ọ̀nà, n kò fẹ́ ẹni tí yóò rí mi."

"Ìwọ tí o bá sójà jà nílé epo?"

"Sójà kò jáde láti inú mi, ẹ̀gbọ́n."

Mò ń fa síìpù báàgì nígbà tí mọ́tò kan dúró. Ọkùnrin kan sọ̀ kalẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀.

"Ìyá Fàrídà, ẹ káàárọ̀. Tahir ni, ọmọ Habibah."

Ó pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti pè mí ní Ìyá Fàrídà.

"Nítorí epo tó wọ́n yìí, màmá ò mọ̀ bóyá awakọ̀ á rí ọ̀nà wá. Iyùn ni mo wá gbà."

"Kò tíì parí. N óò bá ọ lọ, n óò parí rẹ̀ lọ́hùn-ún. Ẹrù mi nìyí."

Ó wo báàgì, ó wolẹ̀.

"Ẹ má bínú, mà. Àná ni Fàrídà tó mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ ń sín in. Ó ní òun á fi sọ́rùn. Ṣùgbọ́n ó ní kí ẹ má wá."

"Kí ló dé?"

"Ó ní lọ́jọ́ tí ẹ ń lọ, ẹ ní kí wọ́n máa mú ọmọ wọn, pé inú yín kì í ṣe àpótí ìran Lágúnjú. Ó ní òun wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn."

Mo ti rò pé ìyá ọkọ mi nìkan ló gbọ́ ọ. Mo ti rò pé ó ti bá a wọ sàréè.

"Ọ̀rọ̀ ìbínú ni," ni ẹ̀gbọ́n Àtọ́kẹ́ wí. "Bá wa ṣàlàyé fún un."

"Ẹ fi í sílẹ̀, ẹ̀gbọ́n."

Mo tú báàgì, mo gbé àtẹ lé ẹsẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ló bá mi ki okùn bọ abẹ́rẹ́. Tahir jókòó tì wá títí oòrùn fi kan orí. Nígbà tí mo jó ẹnu okùn tán, mo fi aṣọ funfun wé iyùn náà, mo gbé e fún un.

"Ṣé iṣẹ́ kankan wà tí n óò jẹ́, mà?"

Àwíjàre pọ̀ lẹ́nu mi. Ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo fi tò wọ́n.

"Sọ fún un pé kò purọ́ mọ́ mi. Mo sọ ọ́."

Ó dúró díẹ̀, bóyá n óò fi nǹkan kún un. Mo dé agolo Bọ́nfítà tó ti ṣófo.