Rédíò Aládùúgbò

Nínú ọgọ́fà èèyàn tó dáhùn ìbéèrè mi ní Ìrèlé-Èkìtì lọ́dún 2002, kò sẹ́ni tó ní rédíò. Ẹyọ kan kò sí! Síbẹ̀ gbogbo ọgọ́fà ló ń gbọ́ rédíò lójoojúmọ́. Níbo? Nílé aládùúgbò.

Dókítà Oyèbánjí, olùkọ́ tó ń bójú tó iṣẹ́ ìwádìí mi ní yunifásítì, yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún fi í sójú. Ó ṣí fọ́ọ̀mù kan. Ó ṣí òmíràn.

"Títílọpẹ́."

"Sà."

"Aládùúgbò ta ni?"

Ká sòótọ́, mo rò pé òun ló máa sọ fún mi.

"Torí pé aládùúgbò náà wà nínú ọgọ́fà yìí," ló bá ń wò mí láti òkè awò, "òun náà sì ní òun ò ní rédíò. Bíró kan náà ni wọ́n fi máàkì gbogbo ẹ̀. Gbogbo máàkì ló fì sápá ọ̀tún bí ẹni tó ti ìsọ̀ ẹlẹ́mu dé. Ọmọbìnrin yìí, abẹ́ igi wo lo jókòó sí tó o fi kọ gbogbo eléyìí?"

"Sà, mi ò kọ ọ́! Àwọn ará Ìrèlé ló kọ ọ́."

"O lọ láti ilé dé ilé?"

"Ilé dé ilé, sà."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ibẹ̀ gan-an ni irọ́ wà. Mi ò kọ fọ́ọ̀mù kankan, Ọlọ́run gbọ́. Àmọ́ ilé dé ilé wo? Wákàtí kan péré ni mo lò n'Ìrèlé. Mo kó ìdì fọ́ọ̀mù fún Tíṣà Ilésanmí, tíṣà tó ti fẹ̀yìntì, tó tún jẹ́ akọ̀wé ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà, mo ní kó bá mi pín in. Ni mo bá gun ọ̀kadà, ó di Ìlúpéjú, ó di ilé ìyá mi. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi jẹ iyán. Nígbà tí mo padà, Tíṣà ti fi rọ́bà dì wọ́n fún mi. Ṣé mo yẹ̀ ẹ́ wò? Ẹ má bi mí.

"Ó dáa," Dókítà pa fáìlì dé. "Lọ́jọ́ Ẹtì, èmi pẹ̀lú ẹ á jọ lọ sí Ìrèlé. Má ránṣẹ́ sẹ́nì kankan. Tó bá jẹ́ ayédèrú ni, màá gbé e lọ síwájú ìgbìmọ̀. Wọn á lé ẹ. Oyè Másítáàsì ẹ parí nìyẹn."

Ọdún kejì mi nìyẹn nídìí Másíkọ́ọ̀mù, ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ìròyìn. Ìyá mi ti sọ fún gbogbo Ìlúpéjú pé kò ní pẹ́ tí ọmọ òun á fi máa ka ìròyìn.

Lọ́jọ́ Ẹtì náà, a sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ní Ìkọ̀lé, a gun ọ̀kadà méjì. Dókítà wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ó so táì, ó gbé báàgì dúdú lé itan. Ó ń wo ẹ̀yìn orí ọlọ́kadà bíi pé ọlọ́kadà náà mọ̀ sí ayédèrú ọ̀hún.

Bá a ṣe wọ Ìrèlé, rédíò ń dún lọ́tùn-ún, rédíò ń dún lósì. Inú mi dùn! Ó kéré tán, ó máa rí i pé wọ́n ń gbọ́ rédíò lóòótọ́. Dókítà fẹsẹ̀ kanlẹ̀. Rédíò àkọ́kọ́ kú. Ìkejì kú. Wọ́n ń kú tẹ̀ lé ara wọn lọ títí dé ìsàlẹ̀ àdúgbò, bí ìgbà tí iná bá lọ. Iná wo? Bátìrì ni gbogbo wọn ń lò.

Ilé àkọ́kọ́, ìyá àgbà kan, Màmá Christiana, jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń bó ẹ̀gúsí.

"Ẹ kú uṣẹ́, mà," ni mo wí.

"Ẹ kú àrìn o. Mi ò ní rédíò."

A ò tíì béèrè nǹkan kan!

Ní yàrá inú, ohùn ọkùnrin kan ń sọ wúyẹ́wúyẹ́ pé, "...ibi tí ìròyìn aago mẹ́rin parí sí nìyẹn."

Dókítà tẹ́tí. "Mà, ta ló ń sọ̀rọ̀ nínú ilé yín?"

"Àlejò mi ni."

"Àlejò yín mọ aago o."

"Ó kàwé ni."

"Níbo lẹ ti wá ń gbọ́ rédíò?"

"Ulé aládùúgbò." Ó fọwọ́ júwe ilé kejì.

Ní ilé kejì, Múyìwá télọ̀ júwe ilé kẹta. Ilé kẹta júwe ìkẹrin. Dókítà kàn ń kọ ọ́ sílẹ̀, òógùn ń bọ́ sórí táì. Ẹni tó wà nílé kẹjọ fara balẹ̀, ó wò wá, ó sì nawọ́ sí Màmá Christiana.

Dókítà yíjú sí mi. "Ó jọ pé ìwọ kọ́ lo kọ ọ́ lóòótọ́."

Ẹ̀mí mi balẹ̀. Ì bá dáa ká ti máa lọlé nígbà yẹn. Àmọ́ wọ́n ti lọ pe Tíṣà Ilésanmí, ó ti ń bọ̀, àdúgbò sì ti ń pé lé wa lórí.

"Ẹ̀yin lẹ máàkì ẹ?" ni Dókítà bi í.

"Èmi ni, ṣùgbọ́n ẹnu gbogbo ìjọ ni," Tíṣà dáhùn. "Ẹ wò ó, àwọn kan wá síbí lọ́dún tó kọjá, a ò mọ ẹni tó rán wọn, báàgì wọn jọ tiyín yìí. Wọ́n béèrè ẹni tó ní rédíò. Ẹni tó nawọ́ sókè, wọ́n ní kó mú owó láísẹ́ǹsì wá. Ẹni tí kò rí i san, wọ́n gbé rédíò ẹ̀ lọ. Nígbà tí ọmọ yìí já fọ́ọ̀mù sílẹ̀, mo kà á sétí ìjọ lẹ́yìn ìsìn. Ìbéèrè àkọ́kọ́: ṣé ẹ ní rédíò? Háà! A fikùn lukùn, a fẹnu kò."

"Kí ló dé tẹ́ ò kúkú sọ pé ẹ kì í gbọ́ rédíò rárá?"

Ojú Tíṣà le. "Ká wá purọ́ nínú ṣọ́ọ̀ṣì?"

Dókítà rẹ́rìn-ín títí ó fi di báàgì mú. Lójijì, ẹ̀rín náà dúró.

"Ẹ ní ó *já* fọ́ọ̀mù sílẹ̀?"

Tíṣà wo ojú mi, ó rí ohun tó rí níbẹ̀. "Bóyá mo ṣì í sọ," ló wí. "Ó dúró díẹ̀."

Dókítà kọjú sí Màmá Christiana. "Mà, ṣé ọmọ yìí wọlé yín?"

Màmá wò mí. Ó wo báàgì. Ó tún wò mí.

"Ulé aládùúgbò ló wọ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni Múyìwá fi gbè é. "Mo rí i tó ń wọ̀ ọ́."

Gbogbo wọn ń mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Wọn ò mọ̀ mí rí o! Wọ́n ti ṣe tán láti gbé mi pa mọ́ bí wọ́n ṣe gbé rédíò pa mọ́. Dókítà sì ti ń ṣí ìwé rẹ̀ láti tún bẹ̀rẹ̀ láti ilé àkọ́kọ́.

"Sà," ni mo wí, "mi ò wọ ilé ẹnì kankan."

Ó pa ìwé náà dé.

"Àwọn yìí purọ́ kí wọ́n má bàa gbé rédíò wọn lọ. Ìwọ, kí ni wọ́n fẹ́ gbé lọ́wọ́ ẹ?"

Dókítà ṣí báàgì, ó kó ìdì fọ́ọ̀mù tuntun jáde, ọgọ́fà, òfìfo.

"Mi ò ní gbé ẹ lọ síwájú ìgbìmọ̀. Ṣùgbọ́n o ò bá àwọn ẹgbẹ́ ẹ gboyè lọ́dún yìí mọ́. Ilé dé ilé. Tó o bá parí, wá rí mi." Ó gun ọ̀kadà, ó lọ.

Mo dá dúró sójú títì, àdúgbò ń wò mí. Mo padà lọ bá Màmá Christiana, mo kúnlẹ̀.

"Ta ló rán ẹ?" ló bi mí.

"Kò sẹ́ni tó rán mi, mà. Èmi ni mo fẹ́ gboyè."

"Oyè kẹ̀? Ti ìlú wo?"

"Oyè ìwé ni, mà."

"Tó o bá gbà á, kí ló máa kàn wá níbẹ̀?"

Mo rò ó lọ rò ó bọ̀. "Kò sí o, mà."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín ẹni tí kò tíì gbà. "Gbogbo ẹni tó ń gbé bébà wá síbí ló ń sọ pé torí wa lòun ṣe wá." Ó ti àpótí kan sí mi. "Jókòó. Ọmọ ta ni ọ́? Ìlú wo lo ti wá? Kí nìdí tó ò fi tíì lọ́kọ?"

Ìbéèrè méjìlá ló wà lórí fọ́ọ̀mù mi. Nígbà tí adìyẹ fi ń wọlé, èmi ṣì wà lórí ìkejì. Ìyá yẹn ti bi mí ní ọgbọ̀n.