Pọ́tì Lára Àgò Irin

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni mo gbé wá, n ò bù mọ́ ọn rárá.

Jórinjórin kan àti àbúrò ẹ̀ ló jọ ń tún mọ́tò kékeré kan tó forí sọ ògiri ṣe, kí ọmọbìnrin jórinjórin lè fi sáré nínú ìje mọ́tò ẹgbẹ́ wọn lọ́jọ́ kejì. Ni jórinjórin, bàbá ọmọ náà, bá rí i pé ọ̀dà wú níbì kan lára àgò irin tó yí ìjókòó awakọ̀ ká. Ó fi ìṣó họ ọ́. Pọ́tì tí wọ́n fi ń dí ojú ibi tó bàjẹ́ lára mọ́tò ló jáde, irin abẹ́ ẹ̀ sì ti ya.

"Ta ló fi pọ́tì dí èyí?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, èmi ni. Ṣebí bá a ṣe ń ṣe ti oníbàárà nìyẹn. Àbí kò dán?"

"Ó dán bí eyín tí kòkòrò ti jẹ inú ẹ̀ tán. Tí mọ́tò yìí bá takìtì, ṣé pọ́tì ló máa gba ọmọ mi sílẹ̀?"

"Ẹ má bínú. Ọ̀la mà ni ìje."

"Ìwọ wọ inú ẹ̀, kí n tì í sí kòtò, ká wò ó."

Àbúrò fẹ̀yìn rìn kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò.

Bàbá gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé irin, ó gé àgò náà wẹ́wẹ́. Ìgbà tí ọmọ ẹ̀ dé tó rí i, ńṣe ló bú sẹ́kún.

Bàbá ní, "Sunkún ẹ dáadáa. Ẹni tó wà láàyè ló ń sunkún."

Ẹ̀yin náà, ẹ kọ tiyín ránṣẹ́ sí mi, ẹ jẹ́ kí n gbọ́.