Ọmọ Tí Mo Fi Di Àyè Mú Nídìí Omi

Bàbá Ṣadé, ẹ jẹ́ kí n rọ́ àlá mi kí n tó fọ ẹnu. Gbogbo odò Ògùn ti wọnú ẹ̀rọ omi iwájú ilé wa. Àwọn ìlú tó wà létí odò tò síbẹ̀, ìlú gan-an, pẹ̀lú òrùlé àti títì wọn, oníkálukú pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì tirẹ̀. Ìlú tó wà lókè odò ló wà níwájú, tiwa ló kẹ́yìn. Ẹ mọ̀ pé ẹni tó bá fẹ́ lọ sílé á fi kẹ́ẹ̀gì di àyè rẹ̀ mú. Mi ò ní kẹ́ẹ̀gì, mo bá fi Ṣadé dì í mú, mo lọ pa sítóòfù.

Nígbà tí mo dé, ìlú iwájú ń fi omi fọ títì. Mo ní, “Ẹ ṣẹ́ díẹ̀ kù fún wa.”

Ìlú náà ní, “Ìyá Ṣadé, ṣé ẹ̀yin lẹ gbẹ́ odò ni?”

Gbogbo ìlú rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Kò dùn mí.

Ṣadé dúró láàárín àwọn kẹ́ẹ̀gì, ìdérí pupa wà lórí rẹ̀, kò wò mí. Nígbà tó kàn án, ọkùnrin tó ń ṣọ́ ẹ̀rọ ṣí ìdérí náà, ó yọjú wo inú rẹ̀.

Mo ní, “Ọmọ mi ni.”

Ó ní, “Mo rí i. Ṣé kí n rọ omi sí i, àbí ẹ ó gbé e padà sẹ́yìn gbogbo ìlú tó ti tún tò?”

Mo wo omi tó kù. Mo wo Ṣadé. Mo ní, “Ẹ rọ ọ́ dé ọrùn.”

Omi ń dún nínú rẹ̀ nígbà tí mo jí.