Ohùn Tó Wà Lẹ́yìn Orin

Ní ìlú Saltpond ní Gánà, Esaaba ń to orin ẹgbẹ́ akọrin ìyá rẹ̀ tó ti dolóògbé sórí kọ̀ǹpútà. Ètò kọ̀ǹpútà tó fi ń tò ó rí orin méjì tó jọra, ó ní kó pa ọ̀kan rẹ́. Ọkàn rẹ̀ ní kó gbọ́ wọn ná. Nínú ìkejì, ìyá rẹ̀ wúkọ́, ó rọra ní, "Ẹ má bínú o, ẹ jẹ́ ká tún un gbé."

Orí Esaaba wú. "Ebo, wá gbọ́ Màámi!"

Ọkọ rẹ̀ tẹ́tí. "Ohùn wọn mà ni! Ṣé bó o ṣe ń gbọ́ gbogbo wọn nìyí kó o tó pa wọ́n rẹ́?"

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, Esaaba ti pa ọgọ́rin orin rẹ́ láìgbọ́ ọ̀kan.

Láti ọjọ́ náà, orin yòówù tí Esaaba bá ń gbọ́, ẹ̀yìn orin ló máa ń tẹ́tí sí.