Àbẹ́là Ọjọ́ Ìsinmi Kẹta

"Ta ni obìnrin náà?"

Beatrice gbé ẹ̀wù funfun ọkọ rẹ̀ sókè lójú fèrèsé. Lípísítíìkì ti kun gbogbo àpò àyà ẹ̀wù náà. Aago méje àárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi ni, nínú fúláàtì wọn ní Festac, lọ́dún 1978.

Olúgbóyèga ọkọ rẹ̀, akọ̀wé ìjọba àpapọ̀, la ẹnu sílẹ̀. Tíì ọwọ́ rẹ̀ ń dà sí ṣòkòtò, kò mọ̀.

"Ìyá Bernice, fara balẹ̀..."

"Ìwọ, mo ní ta ni?"

Ọdún mẹ́sàn-án tí wọ́n ti fẹ́ra, kò pe ọkọ rẹ̀ ní "ìwọ" rí.

Olúgbóyèga wo ẹ̀wù, ó wo kọ́bọ́ọ̀dù, òógùn bò ó. "Obìnrin... obìnrin kan ni."

Beatrice jókòó pẹ̀ẹ́. Irọ́ ló ti múra láti bá jà, kì í ṣe ìjẹ́wọ́.

"Nínú Ádífẹ́ǹtì! Ìgbà tí à ń tún ọkàn ṣe de Olúwa! Èmi fi ẹran sílẹ̀, ìwọ ń gbé ètè obìnrin sáyà! Ó dáa. Jẹ́ kí n mú àbẹ́là mi, mò ń lọ Mísà."

Ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù. Igbe tó ké, àwọn ará òkè àti ìsàlẹ̀ ló gbọ́ ọ. Páálí ti ṣófo!

Àbẹ́là píǹkì ló ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Mẹ́rin ni àbẹ́là Ádífẹ́ǹtì, ọ̀kan fún Ọjọ́ Ìsinmi kọ̀ọ̀kan kí Kérésì tó dé: mẹ́ta elése àlùkò ti wà lórí òṣùká ewé ní kíláàsì tí wọ́n ti ń ṣe Mísà. Wọ́n ti tan méjì. Òní, Ọjọ́ Ìsinmi kẹta, ọjọ́ ayọ̀, píǹkì ló kàn. Wọ́n wá a títí dé Ìdúmọ̀tà, wọn ò rí. Beatrice bá ṣèlérí ọ̀kan fún Fadá: ó ra funfun, ó fi lípísítíìkì ara rẹ̀ kùn ún.

Lójijì, ó yíjú padà. Ó wo páálí. Ó wo ẹ̀wù. Ó gbóòórùn àpò.

"Lípísítíìkì mi rèé!"

Olúgbóyèga dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Nẹ́pà ló mú iná lọ nírọ̀lẹ́ àná. Èmi àti Bádrù ará ìsàlẹ̀ ń ta ayò lọ́dọ̀ rẹ̀, ó kù díẹ̀ kí n pa á láyò. Mo sáré gòkè nínú òkùnkùn, mo mú àbẹ́là sápò ẹ̀wù yìí. Ó ti jó tán kí n tó mọ̀ pé ti Fadá ni."

"O wá ní obìnrin ni?"

"Ẹ̀rù rẹ ló bà mí. Mo rò pé bó bá jẹ́ ti obìnrin, o lè dárí jì mí; ti àbẹ́là Fadá, rárá."

Beatrice ká ẹ̀wù náà mọ́wọ́. "Ṣé o tiẹ̀ pa Bádrù?"

"Bádrù ló pa mí."

Ẹ̀rín gbé Beatrice lulẹ̀. Nígbà tó nu ojú tán, ó yọ lípísítíìkì rẹ̀, ìwọ̀nba tó kù, tó ń tọ́jú de Kérésì.

"Ẹ dìde, Bàbá Bernice. Ẹ lọ ra àbẹ́là funfun kan lọ́dọ̀ Sàdíátù, ìyàwó Bádrù. Ẹ̀yin lẹ máa kùn ún. Ẹ̀wù yìí náà lẹ máa wọ̀, ẹ̀yin lẹ ó sì gbé e lọ bá Fadá."

Ní aago mẹ́sàn-án, Olúgbóyèga gba àárín ìjọ kọjá. Àwọn obìnrin rí lípísítíìkì láyà rẹ̀, wọ́n ń fi ìgbọ̀nwọ́ gún ara wọn. Fadá gba àbẹ́là, ó wo ẹ̀wù, ó wo Beatrice níwájú, tí kò kun ètè rárá. Ó ki àbẹ́là bọ òṣùká ewé. Ó tan án.

Olúgbóyèga padà jókòó. Beatrice na ọwọ́, ó di ọwọ́ rẹ̀ tí lípísítíìkì ti kùn náà mú.