Ẹ̀rọ Tó Ń Bọ̀wọ̀ fún Sùtánà

Bí ẹ bá rí ọ̀gá wa, Dókítà Akínbọ́lá, lọ́jọ́ tí àwọn ológun fẹ́ wá wo iṣẹ́ wa, ẹ ó rò pé ó fẹ́ lọ gbéyàwó ni. Ó wọ kóòtù nínú oòrùn Èkìtì! Èmi Olúyẹ́misí ìbá fi ṣe yẹ̀yẹ́, àmọ́ ọkàn tèmi náà ò balẹ̀. Bí wọ́n bá gba ètò kọ̀ǹpútà tí a kọ, ìwádìí wa ní àdúgbò Adébáyọ̀ yóò máa lọ. Bí wọ́n bá kọ̀ ọ́, kálukú á palẹ̀ mọ́.

Ohun tí ètò náà ń ṣe ò ṣòroó yé èèyàn. Ẹ̀rọ kékeré kan á máa fò lókè igbó, á máa ya àwòrán. Bí kọ̀ǹpútà bá rí èèyàn níbi tí kò yẹ, á pariwo, kí àwọn ológun lè tètè wá wo ohun tí àwọn ajínigbé ń ṣe.

Nígbà tí a kọ́kọ́ dán an wò ní ìlú Igbẹmọ, ó pariwo bíi pé orí rẹ̀ yí. A sáré gun òkè àdúrà ibẹ̀, àṣé àwọn ìyá aládùúrà tó wọ sùtánà funfun ló wà lórí ìkúnlẹ̀, màámi sì wà láàárín wọn. Ojú tì wá gan-an. La bá kọ́ kọ̀ǹpútà pé bó bá ti rí aṣọ funfun, kó panu mọ́. Ta ló máa ń da ẹni tó ń gbàdúrà láàmú ní Èkìtì? Gbogbo wa la fọwọ́ sí i.

Mejọ Dùnmínínú, ọ̀gá àwọn ológun náà, dé, obìnrin tí kì í rẹ́rìn-ín. Ó yá sùtánà awakọ̀ wa, ó fún ọmọ ogun rẹ̀ kan wọ̀, ó ní kó gbé ìbọn kọ́ èjìká, kó gba inú igbó Igbẹmọ kọjá. Kọ̀ǹpútà rí i. Kò fọhùn. Ọ̀gá mi bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ kóòtù.

"Kí ló dé tí kò sọ nǹkan kan?" ni Mejọ bi wá.

"Aṣọ àdúrà ló rí, Mà," ni ọ̀gá mi wí. "A bọ̀wọ̀ fún un ni."

"Àwọn tó ń gbàdúrà lórí òkè gan-an ńkọ́? Bí ajínigbé bá ká wọn mọ́bẹ̀, ta ni yóò rí wọn?"

Ọ̀wọ̀ tí a fún màámi ló gbé e pamọ́ fún ẹni tó lè gbà á là! Mi ò tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, mo pa àṣẹ yẹn rẹ́ lójú Mejọ. Lójú ẹsẹ̀ ni kọ̀ǹpútà figbe ta: ológun oní-sùtánà rèé, àwọn ìyá lórí òkè náà rèé.

"Ẹ jẹ́ kó máa ké," ni Mejọ wí. "Kí èèyàn kọ́kọ́ wo ẹni tí kọ̀ǹpútà rí, kí ológun tó sáré. Mo gba iṣẹ́ yín." Ó rẹ́rìn-ín!

Mo pe màámi láti tọrọ àforíjì pé a ó máa wò wọ́n. Ó yà mí lẹ́nu pé ó gbé fóònù.

"Ṣé ẹ ò sí lórí àdúrà ni, Màámi?"

"Mo wà níbẹ̀. Èmi ló kàn láti ṣọ́nà lónìí. Nítorí àwọn ajínigbé, ẹnì kan gbọ́dọ̀ máa lajú. Ṣé uṣẹ́ yín ti lè rí wa ni?"

Omijé ayọ̀ bọ́ lójú mi.

"Ó ti rí yín, Màámi. Ẹ dijú, ẹ máa gbàdúrà."